Ajá Kò Lè Ka Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Àpò



Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ajá wúlò fún wa. Ó ń ṣọ́ ilé lóru. Ó ń bá ọdẹ lọ sígbó. Ó ń lé ọ̀bọ àti ọ̀yà kúrò nínú àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí ajá bá jẹ ajílẹ̀ òyìnbó tó sì kú, a máa ń gbọ́ pé: "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Èmi kò gbà. Ajá kò mọ̀wé. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Àwa tí a ni àpò ló yẹ ká tọ́jú rẹ̀.

Kí ló ń fa ajá sídìí ajílẹ̀?

Imú ni ajá fi ń wá oúnjẹ. Bí àpò NPK tàbí urée bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ, òórùn ẹja á fa ajá wá síbẹ̀. Nínú oko ẹ̀fọ́, àwọn kan ń ri egungun ẹja àti ẹ̀jẹ̀ ẹran mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ó dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ajá á hú u, á sì jẹ ajílẹ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ mọ́ ọn.

Ajá tó jẹ ajílẹ̀ òyìnbó á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ púpọ̀, ó lè kú. Oògùn kòkòrò tí a ń fín sí òwú tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe kó òun àti ajílẹ̀ sí igun kan náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan

Urée funfun bí iyọ̀. Ewúrẹ́, àgùntàn tàbí màlúù tó bá lá a, tàbí tó mu omi tí a fi fọ abọ́ rẹ̀, lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọdé náà lè rò pé ṣúgà ni. Ibi tí ẹnu ajá bá dé, ọwọ́ ọmọ tó ń rákò lè dé ibẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Yàrá kan ni mo ní. Níbo ni kí n gbé àpò 50 kilo sí?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pẹpẹ gíga kò wọ́n. Ẹ gbé àpò sórí rẹ̀, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná.

Lóko, ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ẹ da ajílẹ̀ sí i, kí ẹ bò ó. Urée tó wà lórí ilẹ̀ nínú oòrùn, apá kan rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Owó yín ló ń lọ yẹn. Ẹni tó bò ó gba ajá là, ó sì gba owó rẹ̀ là. Ẹ má ṣe fi àpò tó ti ṣófo kó gààrí, ẹ má sì tẹ́ ẹ fún ajá láti sùn lé.

Bí ajá bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ má rọ epo pupa tàbí wàrà sí i lọ́fun. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, epo lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ gbé omi mímọ́ sítòsí rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì mú àpò náà dání, kó lè mọ ohun tó jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iṣẹ́ yín rèé. Faransé ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ àpò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó túmọ̀ rẹ̀ fún ará ilé àti aládùúgbò. Ajá tó ń ṣọ́ wa lóru, ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣọ́ ọ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́

1. Níbo ni àpò ajílẹ̀ wà nílé yín lónìí? Ṣé ọmọdé lè dé ibẹ̀?
2. Kí ni ẹ fi ń ṣe nígbà tí àpò náà bá ṣófo?