Ẹ Ka Owó Ọ̀nà Mọ́ Owó Ilé Ìwé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogbonìṣe Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀fà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Poli, wá bá mi nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá àwọn ọmọ ti rí ilé kan ní Ìlọrin. Wọ́n ní ká kó lọ síbẹ̀ nítorí ilé ìwé àwọn ọmọ, kí àwa méjèèjì máa wá síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀ láràárọ̀. Kí lẹ rí sí i?" Ọ̀fà ni tọkọtaya náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ sì ti fi òwe dí i lẹ́nu: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó, nítorí pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin láràárọ̀, tí mo sì ń padà wálé ní alẹ́.

Ẹni tó bá sọ pé ilé ìwé tó dára pọ̀ ní Ìlọrin ju Ọ̀fà lọ kò jayò pa. Olú ìlú ìpínlẹ̀ ni. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1975, àwọn ilé ìwé aládàáni sì ń bá ara wọn díje níbẹ̀. Olùkọ́ tí ìjọba bá gbé lọ sí ìlú kékeré, ojú Ìlọrin ló sábà máa ń wò. N kò bá ọkọ àbúrò mi jiyàn lórí èyí.

Ìṣirò rẹ̀ ni n kò fara mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ló sábà máa ń sọ ilé ìwé ìjọba tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé ìwé ọ̀hún. Ní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò tako òfin ilẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò olówó ń náwó lórí ọmọ ju àdúgbò tálákà lọ. Òbí tó bá ń rin ìrìn jíjìn lọ sí ibi iṣẹ́ nítorí ilé ìwé lọ́hùn-ún mọ ohun tó ń rà. Ní tiwa, kò sí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Òfin UBE ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Àpò òbí àti àkókò òbí ló wá ń ya ọmọ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Àkókò yìí gan-an ni ọkọ àbúrò mi kò kà.

Ó lé ní 50 kìlómítà láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Ènìyàn yóò gba Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀, Ìdọ̀fìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè yára. Ẹni tí kò ní, yóò dúró ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún, yóò sì dúró bákan náà nígbà àbọ̀. Bí àlọ bá gba wákàtí kan àbọ̀, tí àbọ̀ gba bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́ta ti lọ lóòjọ́, 15 ní ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọ̀sẹ̀ 36 tí ọmọ bá fi wà ní ilé ìwé lọ́dún, ó di wákàtí 540. Ọjọ́ méjìlélógún àti ààbọ̀ nìyẹn, tọ̀sán-tòru, lórí ìjókòó ọkọ̀. N kò tíì mẹ́nu kan owó epo. Gbogbo wa la rántí pé lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù nínú ọdún mẹ́rin tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Owódé dé ni, ó ń sáré dáná. Mo fa ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọkùnrin mi yọ. Mo rí i pé ẹnì kan ti ń bá mi buwọ́ lù ú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú, ẹni ire tí ọmọ náà bẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni olùkọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé kí bàbá rẹ̀ yọjú. Mo ní kí ọmọ náà ka ojú ìwé kan fún mi. Kò lè kà á já. Kíláàsì kẹrin ló wà nígbà náà. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn fún aráyé kà!

Ilé ìwé yẹn kò burú. Àwọn ọmọ tó jókòó ti ọmọ mi ní kíláàsì ń kàwé geere. Olùkọ́ ti ṣe tirẹ̀, ó ti figbe ta. Èmi ni n kò sí nílé láti gbọ́ ọ. Ohun tí mo wá rí nínú òwe ọkọ àbúrò mi ni pé kò sọ pé ọmọ tí ilé ìwé kò kọ́. Ó ní ọmọ tí *a* kò kọ́.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Àwa ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín kò bẹ̀rù ìrìn àjò. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà ló gbà kọjá, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa lọ sókè Ọya àti sí Èkó. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀kọ́ girama fún ọmọ wọn, wọ́n dá Offa Grammar School sílẹ̀ nílé ní ọdún 1943. Lónìí, àwọn tó kàwé jù nínú wa ló ń kọ́kọ́ kó ọmọ wọn jáde. Nígbà tí olùkọ́ Poli bá ti kó ọmọ tirẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ta ni yóò dìde ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ láti béèrè ìdí tí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì fi ṣófo? Aránṣọ yóò fẹ́ béèrè, ojú lè máa tì í.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kó lọ. Ọmọ tí kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran, tó nílò olùkọ́ àkànṣe, ẹ gbé e lọ síbi tí olùkọ́ náà wà. Bí ó bá jẹ́ Ìlọrin ni ọ̀kan nínú òbí ti ń ṣiṣẹ́, ìṣirò yí padà. Ọmọ tó ti tó girama, tó sì gbọ́njú, lè gbé ní ilé ìwé náà. Ṣùgbọ́n kí bàbá àti ìyá àwọn ọmọ kéékèèké máa kúrò nílé ní ìdájí, kí wọ́n sì máa bá wọn lójú oorun, nítorí kí wọ́n lè lọ sí ilé ìwé tó dára, n kò rí èrè ibẹ̀.

Mo pe àbúrò mi lánàá. Mo ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin kí wọ́n sì padà lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n wo aago tí wọn yóò délé. Mo ní kó wọ ilé ìwé mẹ́ta ní Ọ̀fà níbí, kó ṣí ìwé àwọn ọmọ wò bóyá olùkọ́ ń máàkì í, kó ka iye ọmọ tó wà níwájú olùkọ́ kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún alágbàtà ní ìdajì owó." Mo ní kó béèrè bóyá yóò dá a padà. Kò tíì pè mí.