Ẹni Tó Ní Òun Kò Dá Sí Ìjà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Nígbà kan, àwọn ayálégbé méjì wọ̀yá ìjà ní àgbàlá tí mò ń gbé. Bàbá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò là wọ́n. Ó kàn na ọmọ odó sí ọ̀kan nínú wọn, ó sì padà jókòó. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tí ọlọ́pàá dé, bàbá ní, "Èmi ò mà dá sí i o!"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń yin orílẹ̀-èdè tí kì í dá sí ogun, bí ẹni pé kéèyàn ṣáà ti jókòó jẹ́ẹ́ ti tó. Irọ́ ni. Kò tó.

Òfin wà fún un. Ní 1907, ní ìlú Hague, àwọn ìjọba ayé fẹnu kò lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tí kò sí nínú ogun ni pé ilẹ̀ rẹ̀ di èèwọ̀ fún ọmọ ogun àwọn tó ń jà. Bó bá fi agbára lé wọn, a kò ní sọ pé ó ti wọ ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í dá rìn. Òun náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ọmọ ogun bá sá wọlé tọ̀ ọ́, kí ó dá wọn dúró, kí wọ́n má padà sójú ìjà.

Ní 2 August 1914, Jámánì ránṣẹ́ sí Bẹ́ljíọ̀mù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ilẹ̀ wọn lọ bá Faransé jà, òun yóò san owó ohun tó bá bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé owó wà níbẹ̀! Bẹ́ljíọ̀mù ní rárá. Ní 4 August, Jámánì já wọlé, ìyà ńlá sì jẹ wọ́n. Àwọn yẹn ni mo lè bọ́ fìlà fún.

Ẹ wá wo ogun Hitler. Ní June 1941, Swídìnì jẹ́ kí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì wọ rélùwéè rẹ̀ láti Nọ́wè lọ sí Fínlándì. Wọ́n ní àwọn ò dá sí i. Ọmọ odó nìyẹn! Swítsálandì ńkọ́? Báńkì àgbà wọn ra wúrà tó ju bílíọ̀nù kan owó ilẹ̀ wọn lọ lọ́wọ́ báńkì àgbà Jámánì. Wúrà tí wọ́n jí kó ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Netherlands wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ní August 1942, Swítsálandì kan náà ti ibodè mọ́ àwọn Júù tó ń sá àsálà. Wúrà rọ́nà wọlé, èèyàn ò rọ́nà.

Ẹnìkan á ní, "Jámánì ló yí wọn ká, kí ni kí wọ́n ṣe?" Mo gbà, ẹ̀rù ń ba èèyàn. N kò bá ẹlẹ́rù wí. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó fi ẹ̀rù pawó, tó tún ní ọwọ́ òun mọ́. Ṣebí Swídìnì yìí náà ló gba àwọn Júù tó lé ní 7,000 tó sá wá láti Dẹ́nmáàkì ní October 1943? Jámánì ṣì wà ní Nọ́wè nígbà náà. Òfin tó ní ká má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni kò ní ká má ṣàánú.

Nítorí náà, bí orílẹ̀-èdè kan bá tún sọ létí yín pé òun kò dá sí ogun, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé: ta ló gba ilẹ̀ rẹ kọjá? Kí lo tà, kí lo rà? Ta lo ti ìlẹ̀kùn mọ́? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ bá mi wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ọmọ odó ò ní jìnnà síbẹ̀.