ỌJỌ́ TÍ ODÒ BÁ GBA Ọ̀NÀ



Orílẹ̀-èdè yìí tóbi. Lọ́rì tí ó bá di ẹrù ní Àpápá tí ó ń lọ sí Màídúgúrì yóò rìn ju 1,400 kìlómítà lọ, yóò la igbó kọjá, yóò la ọ̀dàn kọjá, títí yóò fi dé ibi tí iyanrìn ti pọ̀ ju koríko lọ. Ojú ọjọ́ ibi tí ó ti gbéra kì í ṣe ojú ọjọ́ ibi tí ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ń jókòó sí ọ́fíìsì ni kò rò ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ní 2012, ìkún omi gba ibẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó ju 360 ènìyàn lọ tí ó kú, ó sì ju mílíọ̀nù méjì lọ tí ó fi ilé sílẹ̀. Ní 2022 ó tún dé. Ó ju 600 ènìyàn lọ tí ó kú jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún náà, títì tí ó ti Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá sì rì sómi. Táńkà epo há sójú ọ̀nà, Àbújá ń wá bẹtiróòlù, àwọn èrò sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ibi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí dírẹ́bà mọ̀ ni pé omi yẹn kì í ṣe òjò Lọ́kọ́ja nìkan. Láti orí òkè ilẹ̀ Gíní ni Ọya ti ń ṣàn bọ̀, Bẹ́núè sì ń ti Kamẹrúùnù wá, níbi tí ìdídò Lagdo wà. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, àwa ni a wà nísàlẹ̀ odò. Ẹni tí ó bá gbójú sókè ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, tí ó ní òòrùn ń ràn, nítorí náà kò séwu, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.

Ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí kì í kìlọ̀. Mokwa, tí gbogbo onílọ́rì wa mọ̀ bí wọ́n ti mọ gáréèjì tiwọn, omi já wọ̀ ọ́ lóru mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2025, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ. Ará Ìbàdàn kò nílò kí a ṣàlàyé: wọ́n rí Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, wọ́n tún rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011.

Omi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí kò tó orúnkún àgbàlagbà, lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò nílẹ̀. Bí ó bá tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tí ó sì ń ṣàn, ó lè wọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Onítírélà yóò ní ọkọ̀ tòun wúwo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi pupa kì í jẹ́ kí a rí i bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣà kan sì wà tí a kórìíra: kí dírẹ́bà ní kí ọmọ mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ wọn omi wò. Omi tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ púpọ̀, bí ó bá ń sáré, lè gbé ọkùnrin ṣubú. Ọmọ ẹni kan ni ọmọ mọ́tò yẹn.

Ní ti ọyẹ́, eruku láti ìhà Ṣáàdì lè bo títì títí a kò fi ní rí ọkọ̀ tí ó wà níwájú. Ẹ dín eré kù, ẹ tan iná. Bí ojú kò bá ríran mọ́, ẹ kúrò lójú títì pátápátá, kí ẹ má dúró sí etí rẹ̀. Bí àrá bá sì ń sán, ẹ má sá sábẹ́ igi. Inú ọkọ̀ onírin tí a ti fèrèsé rẹ̀ sàn jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Ṣàngó, kí ó kí i láti inú ọkọ̀.

Kí ni ó ń mú dírẹ́bà wọ omi tí ó fojú ara rẹ̀ rí? Owó ni. A mọ ẹni tí wọ́n gé owó rẹ̀ nítorí pé ó sun ọ̀nà ní òru méjì tí afárá rì. Ìyẹn ni a fi ń sọ pé kí ó wà nínú ìwé àdéhùn wa: dírẹ́bà tí omi dá dúró kò pẹ́ dé; owó oúnjẹ òru tí ó sùn, ilé-iṣẹ́ ni yóò san án; ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà ni yóò sì sọ bóyá ọ̀nà ṣeé gbà, kì í ṣe ẹni tí ó wà lórí fóònù. Bákan náà ni fún ẹ̀yin ará fákítírì tí omi bá dí lọ́nà ṣíìfùtù òwúrọ̀.

Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ka jàǹbá tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ ti iṣẹ́. Ọ̀gá ni ó yẹ kí ó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí àpò NSITF, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá tiyín ń san án.

NiMet àti NIHSA ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò àti ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Kí ọ̀gá gáréèjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí a sì máa bi àwọn tí ó ń ti ọ̀nà náà bọ̀ kí a tó gbéra. Ẹni tí wọ́n bá gé owó rẹ̀ nítorí pé ó dúró de omi, kí ó mú ìwé ẹrù àti ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka wa. A ó gbé e lọ síwájú àwọn ọ̀gá.