"Ó Ti Gbó" Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò

Ẹni tó bá kàn ní "ó ti gbó, ẹ wó o" kò tíì sọ nǹkankan. Gáréèjì kan wà lẹ́yìn ilé kan ní Addison Avenue, Palo Alto, ní Kalifóníà (kì í ṣe gáréèjì onímọ́tò o, ilé pákó kékeré tó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo ni). Ibẹ̀ ni Hewlett àti Packard ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1938. Ẹlòmíì á ní ká fi dáná. HP rà á lọ́dún 2000, wọ́n sì tún un ṣe tán lọ́dún 2005.

Ìdí ògiri ni àyẹ̀wò gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí pákó ti kan ilẹ̀. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti jẹrà; tí kò bá wọlé, ọ̀dà ara rẹ̀ ló kàn ń bó. Ẹ wo ibi tí òrùlé ti ń jò. Ṣé ilé ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbí ilẹ̀kùn nìkan ló wọ́? Tó bá jẹ́ pákó mẹ́ta ló jẹrà, mẹ́ta náà lẹ máa pààrọ̀.

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú ẹnu yẹn dáadáa. Ẹni tí kò ka kóòdù àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ní ká pa á rẹ́.

Nílé níbí ńkọ́? Ilojo Bar ní Erékùṣù Èkó, ọdún 1956 ni wọ́n ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o lọ́dún 2016. A ṣì ń béèrè: ògiri wo ló ti kọṣẹ́? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwé rẹ̀ dà?