"Aláìnmẹ́ǹtì": Orúkọ Kan fún Àrùn Méjì

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìdànrè pè mí wá wo ọkọ̀ ìsáré oníjókòó méjì rẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí ó forí sọ igi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti san owó "aláìnmẹ́ǹtì". Síbẹ̀, ọkọ̀ náà ń fà sí òsì, táyà iwájú sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà Ìdànrè ti gba àárín òkè àpáta kọjá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ìnáwó lọ; ewu ẹ̀mí ni. Èrò tèmi ni pé àìní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó wà lára ohun tí ó fa wàhálà náà.

Àrùn méjì ni àwọn mẹkáníìkì wa fi orúkọ kan ṣoṣo yìí pè. Èkíní ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dúró bí ó ti yẹ. Sípánà lè tún ìyẹn ṣe. Èkejì ni pé egungun ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní ṣáṣíì, ti wọ́. Ẹni tí ó bá ń tún ẹsẹ̀ tò lórí egungun wíwọ́ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Kí a kọ́kọ́ rí i pé afẹ́fẹ́ inú táyà dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí a mú okùn tí a so òjé mọ́, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ láti ojú ibi mẹ́rin tí ó bá ara wọn mu lára egungun náà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kí a fi ẹfun sàmì sílẹ̀, kí a ti ọkọ̀ kúrò, kí a sì wọn àmì náà láti igun dé igun, bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń wọn férémù ilẹ̀kùn. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, egungun ti wọ́. Ti ọ̀rẹ́ mi fi ìbú ìka méjì yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a pe àrùn yìí ní *ìwọ́ egungun*. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò bá tọ ipa ti iwájú, kí a pè é ní *ìrìn alákàn*. Bí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá tẹ̀ sínú tàbí sóde, *ìfìsínú* tàbí *ìfìsóde* ni. Etí kan táyà ni yóò máa jẹ. Bí iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn lọ, *ìkọjúsínú* ni. Òdìkejì rẹ̀ ni *ìkọjúsóde*. Ìwọ̀nyí ń sọ ojú táyà di bí eyín ayùn: bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á síhìn-ín, yóò máa yọ̀, bí a bá pa á sọ́hùn-ún, yóò máa kọ́ni lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò ní kí a yá gbogbo ọ̀rọ̀ náà lò. N kò bá "táyà" tàbí "sípánà" jà. Orúkọ ohun èlò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ àrùn gbọdọ̀ tọ́ka sí ibi tí àrùn wà. Ọdún 1970 ni ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ náà yẹ lẹ́ni tí à ń pèsè fún.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí ẹ dé ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí ẹ tẹ́tí sí wọn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tèmi lọ níbẹ̀, ẹ mú un wá. Èmi ni yóò kọ́kọ́ lò ó.