Ẹ Kọ Iye Tí Ẹ Gbá Gan-an Sílẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, bí ọmọ bá gba ipò kejì, ìbéèrè kan ti ń dúró dè é: ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní, ṣé orí méjì ló ní? Ìbéèrè yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tẹpá mọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ti kọ́ wa láti máa sá fún ohunkóhun tí a kò bá lè mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èrò tiwa ni pé gọ́ọ̀fù lè tún èyí ṣe fún wa.

Àwa tí a ń kàwé ní Muwaileh kò nílò ká rin ìrìn àjò kí a tó rí i. Pápá oníhò 9 wà ní Sharjah Golf and Shooting Club, wọ́n sì ń tanná síbẹ̀ lálẹ́. Ní Dubai tó múlé tì wá, kí Emirates Golf Club tó ṣí pápá oníkoríko rẹ̀ ní 1988, orí yanrìn ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Oníkálukú á gbé ẹní kékeré dání, á máa gbé bọ́ọ̀lù lé e. Pápá ò pé, wọn ò sì torí ẹ̀ jókòó sílé.

Àwọn ọ̀gá pàápàá ń ṣì í gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ bàtà 8 jìnnà sí ihò, nǹkan bí ìdajì péré ni àwọn òṣìṣẹ́ eré yìí lórí PGA Tour ń gbá wọlé. Ní Dubai Desert Classic ti 2022, Rory McIlroy gbá bọ́ọ̀lù sínú omi ní ihò 18, ẹlòmíràn sì gba ife. Ní 2023, ó padà wá sí ihò kan náà, ó kọ́kọ́ rọra gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn omi. Nígbà tó parí, iye tó gbá fi 1 dín sí ti Patrick Reed, ó sì gba ife. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ohun tó wù wá jù ni handicap. Láti 2020, ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé: nínú èsì 20 tí èèyàn gbá kẹ́yìn, wọ́n á ṣa 8 tó dáa jù, wọ́n á fi ṣírò nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà náà lè ga tó 54, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá ọ̀gá díje. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá 7 tó kọ 5 ti ba òṣùwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́. Kò ní mọ ìgbà tó bá ń tẹ̀ síwájú.

Gbígbà pé a kò pé kì í ṣe ká káwọ́ gbera. Ká kọ ọ́ bó ṣe rí ni, ká sì padà lọ gbá a lọ́la.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, Yorùbá ẹnu wa náà ńkọ́? Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká gba àtúnṣe, ká tún un sọ. Ẹni tó dákẹ́ kò ní àṣìsọ, kò sì ní Yorùbá.