Oyin Kì Í Sọ Àgbo Di Aláìléwu

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn Àsàlátù, arábìnrin kan gbé ìgò kan wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ifákò. Àgbo ibà ni. Wọ́n ti po oyin mọ́ ọn kí ọmọ rẹ̀ olóṣù méje lè mu ún. Ó ní, “Dókítà, ṣebí oyin ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan.”

Èmi kì í bú àgbo. Òun ni ìyá mi fi tọ́ wa. Mo sì gbà pé ìwòsàn wà nínú oyin, bí Suratu Nahl, aaya 69, ṣe fi yé wa. Ṣùgbọ́n oyin ni aaya náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá po oyin mọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá, ojúlówó ni o, àdàlù ni o. Irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan, Clostridium botulinum, lè wà nínú rẹ̀. Ikùn àgbàlagbà ń borí rẹ̀. Nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ó lè hù, kí ó sì tú májèlé tó ń sọ iṣan di aláìlágbára. Ìgbẹ́ ọmọ á há, ọrùn rẹ̀ á rọ̀, kò ní lè fa ọmú, mímí á sì le fún un. Sísè lásán kì í pa irúgbìn náà. Níbi ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú, dàbínù ni Ànábì (SAW) fi ṣe tahnik. Ẹ jẹ́ kí oyin dúró fún àwọn àgbà.

Àgbà náà ní tirẹ̀. Oyin ògidì kì í tètè bàjẹ́ nítorí pé omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá là á mọ́ àgbo, tí ìgò sì wà nínú ooru fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè kan, kí ó sì máa di ọtí. Àwa tí a ń sá fún àgbo inú ògógóró, ṣé ẹ rí i? Bí ìdérí bá ta pọ́ọ̀, ẹ dà á nù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kí ó mọ̀ pé oyin náà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Adùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 2008, èròjà diethylene glycol tó dùn lẹ́nu wọ inú òògùn eyín ọmọdé tó ń jẹ́ My Pikin. Ó ba kíndìnrín wọn jẹ́, ó sì pa ọmọ tó ju 80 lọ.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó ro ohunkóhun sí i lẹ́nu. Amáànà ni ọmọ; a ó jíhìn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.